Ẹni Tó Ri Ibi Àwọn Ìbejì

Ní ọjọ́ kọkànlá tí Jùmọ̀kẹ́ bímọ, àwọn ìbejì rẹ̀ kọ ọmú.

Táyé ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ti ká àwọn ará Ùsì mọ́lé, kò sí ìró ọ̀kadà, kò sí igbe ewúrẹ́, àdúgbò dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó jáde. Jùmọ̀kẹ́ jókòó sórí ẹní, ó gbé ọmọkùnrin náà sáyà, ó fi ọmú sí i lẹ́nu bó ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé. Ọmọ náà lajú, ó wo ìyá rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń wo àlejò tó ṣi ilé yà. Lẹ́yìn náà ló yí orí dànù, ó sì figbe ta bí ẹni tí iná jó. Jùmọ̀kẹ́ gbé e sí ọmú kejì. Igbe náà ló tún fi gbà á. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó gbé Kẹ́hìndé. Ọmọbìnrin yẹn kò tilẹ̀ sunkún ní tirẹ̀. Ó pa ẹnu dé pinpin, ó ń wo ojú fèrèsé.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló dé? Kí ni mo fi ṣe yín?"

Títí tí oòrùn fi yẹ̀, ohun kan náà ni. Ọmú Jùmọ̀kẹ́ kún, ó le bí òkúta, wàrà ń kán sára ìró rẹ̀, ebi sì ń pa ọmọ méjì lójú rẹ̀.

Ilé tó wà yìí kì í ṣe ilé tirẹ̀. Dúrójayé ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun. Ó wá sílé sọ àwọn ọmọ lórúkọ, ó pe Táyé ní Ìbùkúnolúwa, ó pe Kẹ́hìndé ní Ìdùnnú, ó lo ọjọ́ méjì, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé Kọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló fi wọ́n sí, nítorí Ọláṣùmbọ̀ ìyàwó Kọ́lá ló bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. "Ta ni yóò máa bá a wẹ ọmọ méjì?" ló wí. "Ìyá tó bí i ti kú. Ẹ fi wọ́n sọ́dọ̀ mi." Gbogbo ẹbí ló yìn ín. Obìnrin tí kò lọ́mọ láyé, tó tún fẹ́ tọ́jú ọmọ ẹlòmíràn, ta ni kò ní yìn ín?

Òun náà ló ṣílẹ̀kùn wọlé nígbà tí igbe náà kò dáwọ́ dúró. Obìnrin gígùn, tínínrín ni, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, tí kì í pariwo.

"Ìyàwó, ẹkún kí ni àwọn ọkọ mi ń sun báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò gba ọmú mọ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún wọn." Omi bọ́ lójú Jùmọ̀kẹ́. "Ẹ gbà wọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Apá mi ti kú."

Ọláṣùmbọ̀ kò nawọ́. Ó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ gbà wọ́n."

Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀, tó kó ọmọ méjèèjì mọ́ra. Igbe náà gé bí okùn tí wọ́n fọ̀bẹ gé. Ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá kì í lè gbé ọrùn. Táyé gbé ọrùn tirẹ̀. Ó gbé orí sókè nínú apá obìnrin yẹn, ó wò ó lójú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n mọ̀ mí," ni Ọláṣùmbọ̀ wí jẹ́jẹ́.

*

Ọláṣùmbọ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pa, ó tú bọ́tìnnì búláòsì rẹ̀. Aṣọ náà ti rin láyà. Ó fi ìka kàn án, ó gbé ìka náà sẹ́nu. Adùn díẹ̀ wà níbẹ̀. Ó jókòó sétí ibùsùn, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló ń bà á tàbí ayọ̀ ni.

Ọdún méjìlá sẹ́yìn, òun náà bí ìbejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò láyé. Ọ̀kan lọ láàárọ̀, èkejì kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kó tó tẹ̀lé e. Àwọn àgbà sin wọ́n sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ wọn mọ́, kí ọ̀nà lè là fún àwọn tó ń bọ̀. Kò sí ẹnì kankan tó bọ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ dókítà fi hàn pé méjì ló wà nínú Jùmọ̀kẹ́, Ọláṣùmbọ̀ wọ mọ́tò dé Ìkọ̀lé, ó gun ọ̀kadà láti ibẹ̀ dé Òkè-Ako. Tíṣà Sunday ló wá lọ. Ọdún márùndínlógójì ni bàbá náà fi kọ́ ọmọ níwèé kó tó fẹ̀yìntì. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, kò sí agbárí ẹranko lára ògiri rẹ̀. Awò ojú ló wọ̀, ó sá kókó sí iwájú ilé, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tú u bí Ọláṣùmbọ̀ ti ń rojọ́. Nígbà tó gbọ́ tán, ó fa ojú ìwé kan ya nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé, ó mú bírò pupa.

"Àwọn kan náà ni," ó wí. "Wọ́n padà wá, wọ́n kàn ṣi ilẹ̀kùn kàn ni."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ibi àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ lọ síbi tí àwọn ti àkọ́kọ́ wà. Òrí tí òun yóò pò gbọ́dọ̀ máa kan orí wọn láràárọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè.

"Èyí tó kù, mi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyá tó bí wọn ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda wọn. Kó wí fún ọ pé kí o gbà wọ́n, lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí oòrùn ọjọ́ kọkànlélógún tó wọ̀. Má kọ́ ọ lẹ́nu o. Ẹnu tí a bá kọ́ kò ní àṣẹ."

"Tó bá wí i tán, ẹ̀yin Tíṣà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i?"

Bàbá náà dé bírò rẹ̀. "Ọmọ kì í ní ìyá méjì," ó wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Ọláṣùmbọ̀ di bọ́tìnnì rẹ̀ padà. Ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, tí Jùmọ̀kẹ́ ń ti inú mọ́tò na àwọn ọmọ sí i pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà wọ́n," ìyẹn jẹ́ ọ̀kan. Òní jẹ́ èkejì.

Ó ku ẹyọ kan.

*

Nọ́ọ̀sì Ọpẹ́yẹmí gbé àwọn ọmọ náà sórí òṣùwọ̀n ní ọjọ́ kẹtàlá, ó gbé wọn kúrò, ó tún gbé wọn padà. Àwùjẹ̀ orí wọn ti jìn wọlé. Awọ itan wọn ti ń hunjọ bí ti arúgbó. Wọ́n ti fi ṣíbí fún wọn ní wàrà inú agolo, èyí tí wọ́n ń bì kọjá èyí tí wọ́n ń gbé mì.

"Mo ti yẹ ẹnu wọn wò, mo ti yẹ inú wọn wò," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mi ò rí àrùn kankan." Ó wo ẹ̀yìn Jùmọ̀kẹ́, níbi tí Ọláṣùmbọ̀ dúró sí tó ń fi ọwọ́ pa ọ̀já rẹ̀ pọ̀. "Ẹ bá mi ra omi tútù kan wá níta, mà."

Nígbà tí Ọláṣùmbọ̀ jáde, nọ́ọ̀sì náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ni wọ́n ń wò?"

"Ṣé ẹ̀yin náà rí i?"

"Gbogbo ọmọ ló máa ń wo iná tàbí ojú ìyá rẹ̀. Tìrẹ, mo yí wọn síhìn-ín, mo yí wọn sọ́hùn-ún, ojú wọn tún padà sí ọ̀nà kan náà, ọ̀nà ilé yín. Mo ti ń gbẹ̀bí fún ọdún mọ́kàndínlógún, Jùmọ̀kẹ́. Ta ló kù fún ọ?"

"Ìyá àgbà mi wà ní Ìlúpéjú."

"Pè wọ́n lónìí. Tí kò bá sí ìyàtọ̀ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, màá kọ̀wé kí wọ́n dá wọn dúró nílé ìwòsàn ńlá."

Jùmọ̀kẹ́ pe ìyá àgbà rẹ̀. Ó tún pe àlùfáà ìjọ wọn, ó wá, ó gbàdúrà, ó fi òróró kan orí àwọn ọmọ náà. Bí òróró yẹn ti kàn wọ́n, wọ́n jọ ké lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì dákẹ́ títí àlùfáà fi lọ. Lọ́jọ́ náà ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wà nínú yàrá, òórùn ewé ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Jùmọ̀kẹ́ wá a lábẹ́ ibùsùn, ó wá a nínú àpótí aṣọ. Orí àwọn ọmọ rẹ̀ ló ti ń jáde.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kò tíì sùn rárá. Ó jókòó, Táyé wà nítan rẹ̀, ó ń tòògbé, ọmọ náà sì ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọláṣùmbọ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó tẹ́ apá méjèèjì.

"Ó ti rẹ̀ ọ́, ìyàwó. Kí ni kí n ṣe fún ọ?"

Jùmọ̀kẹ́ la ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ..."

Fóònù dún. Dúrójayé ni. Jùmọ̀kẹ́ nawọ́ sí fóònù, ó sì mi orí sí Ọláṣùmbọ̀ kó gbé ọmọ. Orí ló mì. Ó gbé ojú padà, ó sì rí ohun kan lójú ìyáálé rẹ̀ tó kọjá lójijì bí ejò tó gba ojú ọ̀nà kọjá. Ìbínú ni. Ó rò pé ojú òun ló ṣe òun bẹ́ẹ̀.

*

Yèyé Adébísí dé láti Ìlúpéjú lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan tó dì mọ́ àyà. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kò gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Ó yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, ó gba ẹ̀yìn, ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀, kò kí i.

"Ta ló ri ibi wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n Ọláṣùmbọ̀ ni, Yèyé. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló rì í sí."

"O rí i nígbà tó ń rì í?"

Ta ni obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ méjì tí yóò máa ṣọ́ ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀?

Wọ́n dúró kí Ọláṣùmbọ̀ lọ sọ́jà. Yèyé mú ọkọ́ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ náà kò le, ó sì yá wọn láti kan aṣọ funfun tí wọ́n fi dì í. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ náà, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n gé wọn dọ́gba, wọ́n fi òwú dúdú so wọ́n pọ̀. Ara wọn kò tíì rà. Omi ṣì ń sun lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà, bí ẹni pé òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gé wọn.

Jùmọ̀kẹ́ jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ balùwẹ̀.

"Ulé yìí kò mọ́," ni Yèyé wí. "Uṣẹ́ ẹnìkan ni, ẹni náà sì mọ uṣẹ́. Gbọ́ mi o. Ẹni tó gbé ibi ọmọ lọ, ẹnu ìyá ọmọ ló kù tó ń wá. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Nítorí náà, láti ìsinsìnyí, má sọ pé kí ẹnikẹ́ni ṣe nǹkankan sí àwọn ọmọ yìí. Má sọ pé gbé, má sọ pé mú. Bí ọwọ́ rẹ bá ń já bọ́, jẹ́ kó já."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, Yèyé. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbí."

"Ká kó wọn lọ, ká fi ibi wọn sílẹ̀? Wọn ò ní dé Ìlúpéjú láàyè."

Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ padà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Yèyé gún odúndún àti rinrin tó ti inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jáde, ó fún wàrà Jùmọ̀kẹ́ sí i, ó fi wẹ ìyá, ó fi nu òrí tí Ọláṣùmbọ̀ ń fi pa àwọn ọmọ lórí kúrò, ó sì fi èyí tó ṣẹ́kù fa ilà sí ẹnu ọ̀nà. Ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹ̀mí bó ti ń ṣe é:

"Ọmọ igbín kì í gbé inú ìkarahun àjèjì. Ẹyìn ọ̀pẹ kì í so lórí ìrókò. Ohun tó bá ti inú ẹni jáde, ọ̀dọ̀ ẹni ní í mọ̀ wá."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Kẹ́hìndé la ẹnu, ó gba ọmú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó mu. Jùmọ̀kẹ́ sunkún títí ọrùn aṣọ rẹ̀ fi tutù.

*

Ọláṣùmbọ̀ kò lè kọjá ilà náà. Bó bá gbé ẹsẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, òtútù yóò mú un láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ìbàdí. Àyà rẹ̀ ń ro ó. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ ti pọ́n. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó pe Òkè-Ako lórí fóònù.

"Ẹnìkan ti wọlé yín," ni Tíṣà Sunday wí kí Ọláṣùmbọ̀ tó sọ̀rọ̀. "Obìnrin àgbà. Ó ń fi ewé tútù bò mí lójú. Ẹsẹ̀ wo ló fi wọlé?"

"Ẹsẹ̀ wo bí ti báwo, Tíṣà?"

"Ó tẹ ilẹ̀ ilé yín, àbí kò tẹ̀ ẹ́? Bu iyẹ̀pẹ̀ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mú ata, mú iyọ̀, dè é sínú ewé, kí o jó o lórí iná. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

Ọláṣùmbọ̀ yíjú sí ilé. Ó rí Jùmọ̀kẹ́ láti ojú fèrèsé, tó tẹ orí ba ọmọ. Ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, lórí irú ẹní bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ pa fóònù náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sunkún, wàrà sì ta jáde láyà rẹ̀ láìbèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Adébísí," ó wí.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún, Yèyé kò lè dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú bí isu, wọ́n dúdú, wọ́n gbóná, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì la bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn ewé tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ háháhá mọ́jú. Ilà ẹnu ọ̀nà kò sí mọ́. Kò sì sí ẹni tó gbá ilẹ̀.

"Ọwọ́ wọn ti tó mi," ó wí, eyín rẹ̀ ń pa ara wọn. "Ó mọ̀ jù mí lọ, ọmọ mi."

Àwọn ọmọ tún kọ ọmú. Lọ́jọ́ ogún, wọn ò sunkún mọ́, ìyẹn ló sì já Jùmọ̀kẹ́ láyà jù. Wọ́n kàn dùbúlẹ̀, wọ́n ń wo ojú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì Ọpẹ́yẹmí ti kọ ìwé ilé ìwòsàn ńlá, Kọ́lá sì ti ṣètò mọ́tò fún òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlélógún. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Kọ́lá, tó ń lọ oko ní ìdájí tí kì í sì í wo ojú ẹnikẹ́ni pẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé yìí rí," ó sì gbé àdá rẹ̀ jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kọkànlélógún, Yèyé di ọwọ́ Jùmọ̀kẹ́ mú.

"Kí ni wọ́n ń wò láti fèrèsé yẹn?"

"Kò sí nǹkankan níbẹ̀, Yèyé. Igi ọsàn ni."

Wọ́n wo ara wọn.

"Ọmọ kì í gbàgbé ibi tí ibi rẹ̀ wà," ni Yèyé wí. "Lọ gbé e wá. Kó wọn dání lọ. Má fi wọ́n sílẹ̀ fún mi, mi ò lè dá ẹnikẹ́ni dúró."

Jùmọ̀kẹ́ pọn Kẹ́hìndé, ó fi ìborùn so Táyé mọ́ àyà, ó mú ọkọ́. Oòrùn wà ní àtàrí. Òjìji rẹ̀ ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kò sí ẹyẹ kan lórí igi náà, ewé kan kò sì mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ níbi tí iyẹ̀pẹ̀ ti rọ̀. Bí ọkọ́ ti ń wọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyà Táyé ń lù mọ́ tirẹ̀, kíkankíkan. Ọkọ́ kan ìkòkò. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ká iyẹ̀pẹ̀ kúrò, ó ṣí ọmọrí rẹ̀. Aṣọ tó pọ́n ló wà nínú rẹ̀, ó mọ ohun tí aṣọ náà dì. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rá kan wà, káàdì ilé ìwòsàn méjì sì wà nínú ọ̀rá náà. Wọ́n ti pàwọ̀ dà. Ó gbé wọn sójú.

"Bo ihò yẹn."

Ọláṣùmbọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò wé gèlè, irun rẹ̀ funfun ju bí Jùmọ̀kẹ́ ti mọ̀ ọ́n lọ. Ọ̀já kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi àwọn ọmọ mi ṣe?"

"Ọmọ ta ni?" Omi ń ṣàn lójú obìnrin náà. "Ọdún méjìlá ni mo fi ń dúró dè wọ́n lábẹ́ igi yìí. Ìwọ tún lè bí òmíràn. Wò mí, Jùmọ̀kẹ́. Ṣé èmi lè bí?"

Táyé gan mọ́ àyà ìyá rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ká sẹ́yìn, ẹyinjú rẹ̀ yí sókè, ètè rẹ̀ ṣú. Jùmọ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, ó gbá a lẹ́yìn, kò mí. Nígbà náà ló wá mọ̀ pé èémí Kẹ́hìndé tó ń gbóná sí òun lẹ́yìn ọrùn ti dáwọ́ dúró pẹ̀lú.

"Yéè! Jésù! Ẹ gbà mí o!"

"Kì í ṣe ìwọ!" Ọláṣùmbọ̀ na apá méjèèjì sí i, ó ń pariwo, ẹni tí kì í pariwo. "Àwọn ni! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù. Wí i, wọn ó sì mí!"

Jùmọ̀kẹ́ la ẹnu. Ìyá wo ni kò ní la ẹnu? Ọmọ tó yè lọ́wọ́ ẹlòmíràn sàn ju òkú ọmọ lọ́wọ́ ẹni. "Ẹ gb..." Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti fi bírò kọ orúkọ méjì sí ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn kò pè rí létí rẹ̀.

"Jùwọ́nlọ!" ó kígbe. "Fẹ́rànmí! Ìyá yín rèé! Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba tiyín!"

Ohùn rẹ̀ lọ kan ògiri ilé, ó padà. Kò sí nǹkankan. Lẹ́yìn náà, apá ọ̀tún Ọláṣùmbọ̀ rẹlẹ̀ lójijì, bí apá ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé. Apá òsì tẹ̀lé e. Ó ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà. Kò sí ohun kan nínú wọn. Jùmọ̀kẹ́ wò ó dáadáa, ọ̀sán gangan ni, kò sì sí ohun kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ kan sín. Kì í ṣe Táyé. Kì í ṣe Kẹ́hìndé.

Ọláṣùmbọ̀ tẹ orí ba. Ojú rẹ̀ là bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ó ń wí, "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi." Ó yí padà, ó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ sínú ilé, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tó sùn.

Táyé fa èémí kan, ó gùn, ó han, ó sì figbe ta. Kẹ́hìndé gbà á lẹ́yìn. Jùmọ̀kẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, ó ṣí àyà rẹ̀, ẹnu méjèèjì sì rí ọmú láìsí ẹni tó tọ́ wọn sọ́nà.

Ó gbé ìkòkò náà wọlé, ó sì ròyìn fún Yèyé.

"Mi ò rán ọ ní ìyẹn," ni arúgbó náà wí. "Ìkòkò ni mo ní kí o gbé wá. Mi ò ní kí o pe ẹnikẹ́ni." Ó wo ọ̀nà yàrá Ọláṣùmbọ̀, níbi tí orin ìrẹmọ ti ń jáde. "Di ẹrù rẹ. Oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ bá wa níbí."

Ní Ìlúpéjú ni wọ́n ti ri ibi náà, lẹ́yìn ilé Yèyé, níṣojú Jùmọ̀kẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé, Dúrójayé ti Èkó dé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sọ pé òun gbà á gbọ́, kò sì sọ pé kí ìyàwó òun padà sí Ùsì. Ẹsẹ̀ Yèyé fà, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ọ̀pá ló fi ń rìn. Àwọn kan tó ti Òkè-Ako wá ní Tíṣà Sunday ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó fi kókó tó sá síta sílẹ̀ kí òjò máa pa á. Àwọn ìbejì sanra. Wọ́n jókòó, wọ́n hu eyín.

Oṣù keje ni Kọ́lá tẹ Jùmọ̀kẹ́ láago.

"Àlàáfíà la wà," ó wí. "Ìyáálé rẹ ń ṣe dáadáa. Ó ń jẹun, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tilẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín."

"A dúpẹ́, sà."

"Ẹn." Jùmọ̀kẹ́ ń gbọ́ bó ti ń mí. "Wàrà ló ń ra. Agolo méjì lọ́sẹ̀. Ó ń po ó sínú ife, ó ń gbé e wọ yàrá, ó ń ti ilẹ̀kùn. Mo gbéyàwó yìí fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ìyàwó wa, kì í mu wàrà. Kò mu ún rí láyé rẹ̀."

Jùmọ̀kẹ́ wo ẹní tí àwọn ọmọ rẹ̀ sùn sí.

"Wàrà náà ń tán," ni Kọ́lá wí.